Ilé Aláìlónílé Orí Òkè Ìkúùkù

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó yáa jẹ ẹ́ tán, torí ibi tí ìtàn yìí ń lọ, ẹ óò ya ẹnu, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀pà há ẹnikẹ́ni lọ́fun nínú àgbàlá mi. Mo rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ìbọn tí mo fi kọ́ ògiri. Ẹ ń rò ó lọ́kàn yín pé èmi ni ọdẹ tó láyà jù lọ nínú ilé yìí. Lóòótọ́, mo ti wo ẹfọ̀n lójú títí tí ojú fi ti ẹfọ̀n. Mo ti sun orí igi tí àmọ̀tẹ́kùn sun ìsàlẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo sì ń hanrun jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ọdẹ gidi dìde nínú ẹbí wa, èmi á jókòó jẹ́ẹ́ ni, ìyá tó bí mi ni yóò dìde.

Ọdẹ́tọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀-Àpáta ni wọ́n bí i sí, nínú ilé ọdẹ, ó sì mọ ìbọn yìn kó tó mọ irun dì. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Ọdẹ́gbàmí, ọkùnrin tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tó sì fẹ́ràn láti máa lọ síbi tí wọ́n bá ní kó má lọ. Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́gbàmí gun Òkè Ìkúùkù lọ, kò sì padà wá. Wọ́n retí rẹ̀ títí, wọ́n sunkún rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń wá aṣọ dúdú. Ìgbà náà ni ọdẹ kan tó ṣìnà dé apá ibẹ̀ sáré wọ̀lú, tó ní òun fi ojú òun rí Ọdẹ́gbàmí láàyè. Ó ní ẹrù ńlá wà lórí rẹ̀, ó ń tẹ̀lé iwin kan bí ajá ṣe ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Iwin náà ní ẹnu níwájú, ó tún ní ẹnu ní ìpàkọ́, méjèèjì ló sì ń sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ọdẹ ìlú jókòó, wọ́n ní àwọn yóò rò ó wò. Bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ́wọ́, Ọdẹ́tọ́lá ti ń di ẹrù. Ó di gaàrí, ó di èlùbọ́, ó di ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ àti ata gígún. Ó rọ epo sínú ìgò, ó mú ìkòkò kékeré kan, igbá, ẹní, okùn, abẹ́rẹ́ àti òwú, àdá, ìṣáná, ó sì gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká. Akínwándé, ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdẹ́tọ́lá, ṣé o mọ ipò tó o wà ṣá?"

"Mo mọ̀. Ẹ má ṣèyọnu. Kò tíì wúwo."

"Bí oúnjẹ bá tán lọ́nà ńkọ́? Ta ló máa gbọ́ igbe rẹ lórí òkè yẹn?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé gbogbo ohun tí mo máa lò dání," ìyá mi dáhùn. "Mi ò ní ké pe ẹnikẹ́ni."

Kí ló dé, Ṣẹ̀gílọlá? Ọwọ́ rẹ wà lókè. O fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀ tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí? Mo wà níbẹ̀ kẹ̀! Èmi ni ohun tí kò tíì wúwo náà! Kí n tó rí oòrùn, mo ti gun òkè. Kí n tó ní eyín, mo ti bá iwin figẹ̀ wọngẹ̀. Ta ló tún wà nínú yín tó lè sọ irú ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ẹsẹ̀ òkè náà, Ọdẹ́tọ́lá bá oníbodè kan pàdé. Baba arúgbó ni, ó ga bí ọ̀pẹ, kò sì ní ju ojú kan ṣoṣo lọ. Orí eékún rẹ̀ ni ojú náà wà. Bó bá fẹ́ wo ènìyàn, àfi kó gbé ẹsẹ̀ sókè kó tẹ̀ ẹ́ síwájú onítọ̀hún, kó máa fi ẹsẹ̀ kejì fò pọ́ún pọ́ún kó má baà ṣubú. Ó gbé eékún sókè, ó wo ìyá mi látòkè délẹ̀, ó wo ẹrù rẹ̀.

"Kí lo gbàgbé?" ó bi í.

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́tọ́lá díẹ̀, torí ó rí àwọn àpò tó ti jẹrà yí baba náà ká, ó sì mọ̀ pé àwọn tó kọ́kọ́ dé ti dáhùn ìbéèrè yìí, wọn ò sì kọjá. Ẹni tó bá ní òun ò gbàgbé ohunkóhun, baba náà á ní agbéraga ni, á dá a padà. Ẹni tó bá dárúkọ ohun tó gbàgbé, á ní kó lọ mú un wá. Ìyá mi rò ó, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní:

"Baba, bí mo bá lè dárúkọ ẹ̀ fún yín, a jẹ́ pé mi ò tíì gbàgbé ẹ̀."

Baba náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń ṣàn látorí eékún rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí, kò tíì sẹ́ni tó mú òun rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó yà fún un, ó sì jókòó kọ́ ọ lọ́rọ̀.

"Ilé kan wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ọdẹ ayé ijọ́un ló kọ́ ọ, kò lónílé, kò sì ní ìránṣẹ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ni onílé. Oúnjẹ tó o bá gbé wá lo máa jẹ, igi tó o bá fi dáná, o máa gé òmíràn rọ́pò fún ẹni tó ń bọ̀, o ó sì gbálẹ̀ kó o tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ kán sínú ilé náà. Ènìyàn ò ní pa iwin níbẹ̀, iwin ò ní pa ènìyàn. Ẹni tó bá dán an wò, òrùlé á wó lé e lórí."

"Bí ibẹ̀ bá fara rọ tó báyẹn, baba, kí ló wá mú àbúrò mi?"

"Tẹnintẹni, iwin ẹlẹ́nu méjì yẹn, ló mú un. Kò pa á, tẹ́tẹ́ ló bá a ta." Baba náà fi eékún wo ojú rẹ̀ kínníkínní. "Ohunkóhun tó o bá ṣe, ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí àpò rẹ jò."

Ọdẹ́tọ́lá dúpẹ́, ó kọjá.

Ìlú tó wà ní àárín òkè náà ni wọ́n ń pè ní Ẹ-Bá-Mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ìlú, ṣùgbọ́n mi ò rí irú ìyẹn rí! Gbogbo ará ìlú náà ló jókòó. Ọkùnrin kan wà létí kànga, okùn ìfami wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ bá mi fà á o, òùngbẹ ń pa mí lọ!" Obìnrin kan wà lábẹ́ igi ọsàn, ọsàn bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ bá mi mú un!" Ọba wọn jókòó sórí àpèrè, eṣinṣin bà á nímú. Ọba ní kí ọ̀tún bá òun lé e. Ọ̀tún ní kí òsì bá òun bá ọba lé e. Òsì ní kí ẹmẹ̀wà bá òun bá ọ̀tún bá ọba lé e. Eṣinṣin náà ti darúgbó sórí imú ọba.

Bí wọ́n ṣe rí ìyá mi tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ariwo sọ. "Ẹlẹ́sẹ̀ dé! Ẹlẹ́sẹ̀ dé o!" Àánú wọn ṣe é. Ó fa omi fún tibí, ó bó ọsàn fún tọ̀hún, ó da aṣọ bo ẹni tí òtútù ń mú. Bó bá ti ṣe ọ̀kan, mẹ́wàá á tún na ọwọ́. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ni arúgbó kan bá rọra ti ọwọ́ bọ inú ẹrù rẹ̀, ó ní, "Bá mi gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, ìyá, kó o sì máa bá mi jẹ ẹ́ sí mi lẹ́nu." Ojú Ọdẹ́tọ́lá là wàyí. Ó rí i pé bí òun bá dúró, òun yóò bímọ síbẹ̀, wọn yóò sì ní kí ọmọ náà máa bá àwọn mí. Ó gbá ẹrù rẹ̀ mú, ó ki eré mọ́lẹ̀.

"Ẹ mú un!" ọba pariwo.

"Ẹ bá wa dìde ká lè mú un!" gbogbo ìlú dá a lóhùn.

Wọn ò rí ẹni bá wọn dìde. Ọdẹ́tọ́lá sá títí tó fi kúrò ní bodè wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tó wá tú ẹrù rẹ̀ wò ni ẹ̀rín náà pòórá. Ìṣáná rẹ̀ ti lọ. Arúgbó yẹn ti mú un.

Kò sí bó ṣe lè padà. Ìkúùkù ti sọ̀ kalẹ̀ wá bo ọ̀nà, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó nípọn débi tí ìyá mi fi ń fi ọwọ́ pín in sí méjì kó tó gbẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ẹranko. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi bí ẹyin awó, wọ́n ń ro kó, kò, kó lórí ìkòkò tó gbé lé orí. Ó fi ọwọ́ kan bo ikùn, èmi nìyẹn, ó fi ọwọ́ kejì di àpáta mú, ó ń gòkè. Nígbà tó fẹ́ rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kan pákó. Ilẹ̀kùn ni! Ó ti í, ó ṣubú wọlé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ilé òkúta ni, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Pèpéle ìsùn wà lọ́tùn-ún àti lósì, ààrò méjì wà láàárín, ìgbálẹ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, igi ìdáná gbígbẹ tí àwọn tó ti kọjá kó sílẹ̀ sì wà ní igun kan. Kò sí ju ìyẹn lọ. Ààrò kan tutù. Èkejì ń jó, ẹni tó sì jókòó tì í ni Tẹnintẹni.

Ó sanra, ó ń dán. Apá mẹ́rin ló ní, méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, bí àwọn ti iwájú ṣe ń ro ọbẹ̀ ni àwọn ti ẹ̀yìn ń họ ẹ̀yìn fún un. Ẹnu iwájú ní, "Ẹ kúulé o!" Ẹnu ẹ̀yìn dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn!" Ó kí ara rẹ̀ tán, ó dá ara rẹ̀ lóhùn tán, kò tíì wo ìyá mi. Nínú òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin kan jókòó sí, okùn tín-ín-rín bí irun orí wà ní ọrùn ọwọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Ọdẹ́gbàmí wí.

Kí Ọdẹ́tọ́lá tó la ẹnu, Tẹnintẹni gbé ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. "Rọra, obìnrin! Ìwọ náà fẹ́ mú un lọ, mo mọ̀. Jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. A ó jọ wà nínú ilé yìí títí òjò yóò fi dá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ló jẹ gbèsè ara rẹ̀. Ìbáà jẹ́ iyọ̀, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ ìrànlọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ìbéèrè ẹnu lásán. Bí ìwọ bá ṣe é, ìwọ náà di ẹrú mi. Bí èmi bá ṣe é, mú gbogbo wọn lọ. Èmi ni mo sì ni àwọn wọ̀nyí, nítorí náà ohun tó o bá bi wọ́n, èmi lo bi."

"Iyọ̀ ni mo tọrọ," Ọdẹ́gbàmí sọ láti igun rẹ̀. "Iyọ̀ bíńtín lásán, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá mi wo àbúrò rẹ̀. Ó ti gbẹ, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìyá mi, ìbéèrè tó ti ń bi í láti kékeré: ṣé o ti jẹun? Ó gbé e mì bí egbòogi kíkorò. Ó yíjú sí iwin náà, ó ní, "Mo gbà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìjà wá bẹ̀rẹ̀, ìjà tí ẹnikẹ́ni ò gbé ọwọ́ sókè nínú rẹ̀!

Òtútù ló kọ́kọ́ bá a jà. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó ń gbọ̀n, ààrò rẹ̀ tutù, iná Tẹnintẹni sì ń jó kẹ̀ù-kẹ̀ù níwájú rẹ̀. Iwin náà fa ẹyín iná kan jáde, ó ń jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ẹni ń ṣeré. "Ẹni tó bá fẹ́ iná, ẹnu ló máa fi sọ," ni ẹnu ẹ̀yìn wí. Ọdẹ́tọ́lá ò wò ó. Ó rọ ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú ìbọn rẹ̀, ó ja òwú gbígbẹ tó ká sínú ẹní, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí òkúta ìbọn ti ń kọ iná, ó sì fà á. Ṣà! Iná sọ, òwú gbà á, ó fẹ́ ẹ, ó tì í sábẹ́ ẹ̀ka igi. Láìpẹ́, ààrò rẹ̀ ń jó ju ti iwin lọ. Àwọn ọdẹ tó wà ní igun fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Òjò ò dá. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ tún mọ́. Tẹnintẹni gbé ẹran ọ̀yà kaná, ó da ata sí i, òórùn náà gba gbogbo ilé, ẹnu iwájú ń jẹ, ẹnu ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe dùn tó. Ìyá mi ro ọkà tirẹ̀, ó fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́ bí ọbabìnrin. Ìkòkò rẹ̀ sán, omi dà nù. Ó sé ihò náà pẹ̀lú ọkà tó ṣẹ́kù, ó gbé igbá sí ẹ̀bá òrùlé, òjò bu omi fún un. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yún un láàárín èjìká méjèèjì, níbi tí ọwọ́ kankan ò lè dé, ẹ sì mọ bí yíyún aláboyún ṣe rí! Tẹnintẹni rí i, ó na àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń jó ìka lójú rẹ̀. Ìyá mi dìde, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó họ ọ́ bí ewúrẹ́ ti ń họ ara mọ́ ògiri, ó ń pa ojú dé fún ìgbádùn.

Ṣùgbọ́n gaàrí ń dínkù. Ó rí i, iwin náà sì rí i. Ẹrù tirẹ̀ kún dé ọrùn, ó sì ń sùn, ó ń hanrun lẹ́nu méjì. Ọdẹ́tọ́lá tẹ ọwọ́ bọ àpò, ó kan ìdí àpò. Ó jókòó síwájú iná. Ojú rẹ̀ pọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rò ó pé bóyá òun ò ní padà, pé bóyá orí òkè yìí ni òun yóò ti máa ru ẹrù, pé ọmọ tí òun bá bí yóò bá òun ru ú.

Ibi tí ó ti ń rò ó báyìí ni nǹkan kan ti ta á nípàá nínú ikùn, gbì!

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi! Ta lẹ rò pé ó ta á? Èmi ni! Ẹsẹ̀ òsì mi yìí ni, mo ṣì lè fi í hàn yín! Mi ò tíì mira rí kó tó dọjọ́ náà. Ìyá mi fò sókè, ó fi ọwọ́ bo ibẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà rán an létí Akínwándé ọkọ rẹ̀, pàápàá ohun tí bàbá mi ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ pé oyún wà, tó ní òun yóò máa se oúnjẹ fún un. Ẹ̀rín kékeré náà di ńlá. Ó fi aṣọ bo ẹnu, kò lè mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, á tún rántí, á tún bẹ̀rẹ̀.

Tẹnintẹni jí. Ó wò ó. Ó wo iná, ó wo òrùlé, kò rí ohun ẹ̀rín. Ó bá ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dùn. Ó di ẹnu iwájú pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Ìyá mi tún bú sẹ́rìn-ín. Iwin náà ń yí lórí pèpéle bí ẹni tí èèrùn ń jẹ. Ayé rẹ̀ látọjọ́ tó ti wà, gbogbo ohun tó gbọ́, òun ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbogbo àlọ́ tó pa, òun náà ló já a. Kò tíì pàdé ohun tí òun ò mọ̀ rí.

Ẹnu ẹ̀yìn ò lè fara dà á mọ́. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ó pariwo. "Jọ̀ọ́, sọ fún wa!"

Ní igun, okùn já. Pà! Pà! Pà! Wọ́n ń bọ́ ní ọwọ́ àwọn ọdẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èmi ò béèrè!" ni ẹnu iwájú ké. "Ti ẹ̀yìn ló béèrè!"

"Ọrùn kan náà ló gbé wa," ni ẹnu ẹ̀yìn dá a lóhùn. "Ògiri ni mo ti ń wò látọjọ́ yìí. Jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tuntun!"

Ọdẹ́tọ́lá ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú. "Ọdẹ́gbàmí, ṣé o ti jẹun?" ló bi í. Ọkùnrin gìrìwò náà bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi." Gaàrí tó kù ní ìdí àpò ni wọ́n bu omi sí, gbogbo wọn tọ́ ọ wò.

Nígbà tí wọ́n fi máa parí, òjò ti dá, oòrùn ti yọ. Àwọn ọdẹ dìde, wọ́n fẹ́ sá. Tẹnintẹni dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Nínú ilé yìí, mo gbà pé ẹ lómìnira," ó wí jẹ́jẹ́. "Ní ìta ńkọ́? Òfin ilé kò dé ìta."

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ìyá mi mú ìgbálẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀ ná," ó sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àkókò ilẹ̀ gbígbá nìyí?"

"Ẹlòmíràn ń bọ̀ tí yìnyín ń na lórí. Ẹ lọ gé igi wá, kò ní fọwọ́ kàn yín kó tó gbọ́ ohun tó béèrè." Wọ́n gé igi, wọ́n kó o jọ sí igun, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n da eérú nù. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó wá yíjú sí iwin náà, ó ní, "O bi mí léèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìtàn náà gùn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa sọ ọ́ fún ọ. Bó o bá pa ẹnikẹ́ni nínú wa, ó parí síbẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nìyẹn, ní díẹ̀díẹ̀, tó ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Tẹnintẹni tẹ̀lé e bí àgùntàn. Ẹnu ẹ̀yìn ní òun ò gbọ́ dáadáa, nítorí náà ó ń fi iwájú rìn díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, kí etí gbogbo lè jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n gba ìlú Ẹ-Bá-Mi kọjá. Bí àwọn yẹn ṣe rí iwin ẹlẹ́nu méjì tó ń bọ̀, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni dìde. Ọba ló ṣíwájú, ó fi eṣinṣin rẹ̀ sílẹ̀, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sá dé títí dòní.

Ẹsẹ̀ òkè ni ìyá mi parí rẹ̀ sí. Ó sọ bí Akínwándé ṣe wọn ẹ̀wà kún agbọ̀n, tó dà á sínú ìkòkò kan, tí ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó bù ú sí ìkòkò kejì, ìyẹn náà wú. Ó sáré lọ yá ti ìyá àgbà, ó yá ti alájọgbé, ó yá agbada alákàrà. "Nígbà tí mo fi máa tinú igbó dé," Ọdẹ́tọ́lá wí, "gbogbo ìkòkò agboolé ló kún fún ẹ̀wà tí kò jinná, ọkọ mi jókòó sáàárín wọn, ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ, ó ní, 'Ìyàwó mi, má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán.'"

Ẹnu Tẹnintẹni méjèèjì bú sẹ́rìn-ín pọ̀, àpáta ń mì, ó di ikùn mú pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rin, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ibẹ̀ ni oníbodè ti gbé eékún sókè tó ṣẹ́jú sí ìyá mi, tí gbogbo wọn fi kọjá. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, ẹnu ẹ̀yìn ṣì ń tún un sọ fún ẹnu iwájú, ẹnu iwájú sì ń sọ pé, "Tún un sọ! Tún un sọ!"

Ọ̀sán ni wọ́n wọ Ìsàlẹ̀-Àpáta. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́gbàmí ò gbé e dáadáa mọ́, nítorí náà ẹrù tirẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ wà lórí ìyá mi, lé tirẹ̀ lórí. Àwọn ọdẹ tó kù yà sílé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, igbe ayọ̀ ń sọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọdẹ́tọ́lá dé ojúde ilé rẹ̀, ó dúró. Ọrùn ń ro ó. Kò sí àpáta níbẹ̀ tó lè gbé ẹrù lé, kò sì wá àpáta. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ohùn tó ti ń gbé mì láti orí òkè lọ́hùn-ún:

"Akínwándé o! Ẹ̀yin ará ilé o! Ẹ wá sọ̀ mí o, ó ti rẹ̀ mí!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí gbàgà-gbàgà. Bàbá mi sáré jáde pẹ̀lú ìbàǹtẹ́, ìyá àgbà jáde, alájọgbé jáde, ìyàwó Ọdẹ́gbàmí fò lé ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ọwọ́ tó dá sí ẹrù náà pọ̀ débi pé kò mọ èwo ni ti ta ni. Wọ́n gbé e kúrò lórí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

Ọ̀fun mi ti gbẹ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá sún mọ́ àmù nínú yín, ẹ bá mi bu omi tútù wá. Mo tọrọ rẹ̀ ni o.